Ara Yíyún Tí Kì Í Tán Bọ̀rọ̀: Ohun Tó Yẹ Kí Àwa Ọmọ Yorùbá Ní Kano Mọ̀ Nípa Ẹ́síìmà

  Lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní í sọ̀rọ̀ owó ilé tàbí ti ìpàdé ẹgbẹ́. Ọ̀rọ̀ awọ ara àwọn ọmọ wa la fẹ́ sọ, nítorí ohun kan tó ṣẹlẹ̀ níwájú ìsọ̀ wa.

Àwa tí à ń kọ ìròyìn yìí, ọṣẹ àti ìpara là ń tà lọ́jà Sabon Gari. Tó bá ti di oṣù kọkànlá, tí ọyẹ́ tí àwọn Hausa ń pè ní hunturu bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó eruku aṣálẹ̀ bọ̀, ọjà wa máa ń yá. Ètè á máa là, gìgísẹ̀ á máa sán, tọmọdé tàgbà á máa wá ìpara. Irú àsìkò yẹn ni ìyá kan wá bá wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ọkọ rẹ̀ ń wa mọ́tò fún ọ̀gá kan ní Nassarawa GRA, inú BQ tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá náà ni wọ́n ń gbé. Ó pọn ọmọ kan, ó fa èkejì lọ́wọ́, ọmọkùnrin bí ọdún mẹ́fà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Wọ́n ti lé e wálé láti ilé ìwé. Wọ́n ní kúrùnà ló ní, pé á kó o ran àwọn ọmọ yòókù."

Ó ká ṣòkòtò ọmọ náà sókè. Ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ méjèèjì ti dúdú, ó ti yi bí èèpo igi, ojú ibi tó fi èékánná họ sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Bákan náà ni kọ̀rọ̀ ìgúnpá rẹ̀ rí.

"Alaalẹ́ ló ń họ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi àti ẹ̀ kì í sùn. Bàbá rẹ̀ ní ìdọ̀tí ni, pé mi ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo wá ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ báyìí, omi gbígbóná àti kànrìnkànrìn. Ṣe ló tún ń le sí i."

A bi í léèrè ìpara tó ń fi pa á. Ó yọ túùbù kékeré kan jáde nínú báàgì. Ẹ ò ní í gbà gbọ́: ọwọ́ wa ló ti rà á, ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. A mọ túùbù náà dáadáa. Òun ló ń tà jù nínú ọjà wa.

Ìtìjú ọjọ́ yẹn ló mú wa bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, tí a sì jókòó ka ohun tí àwọn oníwàádìí ti kọ. Ohun tí a rí la fẹ́ sọ fún yín.

Kí ni orúkọ rẹ̀?

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni orúkọ. Bí ara ọmọ bá ń yún un, ẹnìkan á ní ìfọ́n ni, ẹlòmíì á ní kúrùnà ni, àwọn mìíràn á pè é ní èélá tàbí làpálàpá. Àwọn Hausa tí a jọ ń gbé á ní kazuwa ni tàbí makero. Ọ̀tọ̀ ni gbogbo wọn, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn wọn.

Èyí tó ń ṣe ọmọ tí a ń wí yìí ni àwọn dókítà ń pè ní ẹ́síìmà. Ẹ́síìmà pọ̀ ní oríṣi, èyí tó máa ń mú àwọn ọmọdé jù nínú wọn ni atopic dermatitis, òun sì ni a óò máa pè ní ẹ́síìmà nínú ìròyìn yìí. Kì í ranni. Kò sí kòkòrò kan tó ń fò láti ara ọmọ kan lọ sí ara òmíràn. Ẹ lè jọ sùn lórí ẹní kan, ẹ lè jọ lo aṣọ ìnura kan, kò ní í ràn yín. Ilé ìwé tó lé ọmọ náà wálé ṣì í mú ni.

Báwo la ṣe ń dá a mọ̀? Lára ọmọ ọwọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti orí ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, á wá sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá, ẹ̀yìn orúnkún, ọrùn, ọrùn ọwọ́ àti ọrùn ẹsẹ̀. Ó máa ń lọ, ó sì máa ń padà wá. Awọ ara gbogbo á gbẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnìkan nínú ẹbí á ní ikọ́ ásímà, tàbí kí imú máa yún un, kó máa sín bí eruku bá dé.

Ìfọ́n tí kòkòrò ń fà ní tirẹ̀, àárín ìka ọwọ́, abẹ́ apá àti ìdí ló fẹ́ràn. Ó máa ń yún jù lóru, kì í sì í pẹ́ tí gbogbo ilé á fi máa họra. Làpálàpá á rí roboto, etí rẹ̀ á ga, àárín rẹ̀ á máa mọ́ bọ̀. Tí ọmọ kan ṣoṣo bá ń họra nílé láti ọdún tó kọjá, tí àwọn tó ń bá a sùn ò sì ní nǹkan kan, ẹ ronú nípa ẹ́síìmà.

Ṣé àrùn òyìnbó ni?

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló rò pé àìsàn àwọn aláwọ̀ funfun ni, pé awọ tiwa le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ní ọdún 1991, àwọn oníwàádìí láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè dá iṣẹ́ ńlá kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní ISAAC, láti ka iye àwọn ọmọdé tó ní ásímà, ẹ́síìmà àti imú tó ń yún. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo ọmọ níbi gbogbo: ṣé ara ti yún ọ rí, tó ń lọ tó ń bọ̀, fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán? Ṣé ó dé kọ̀rọ̀ ìgúnpá tàbí ẹ̀yìn orúnkún? Ìlú wa náà ò gbẹ́yìn: Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ṣe é, àwọn ọmọ ilé ìwé ibẹ̀ sì dáhùn bíi ti ẹgbẹ́ wọn ní Éṣíà àti Yúróòpù.

Èsì apá kẹta iṣẹ́ náà jáde ní 2009. Nínú àwọn ọmọ ọdún 13 sí 14, wọ́n bi àwọn tó lé ní 660,000 ní orílẹ̀-èdè 96. Ibi tó kéré jù ni Tibet ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí kò pé ọmọ kan nínú 100. Ibi tó pọ̀ jù ni Barranquilla ní orílẹ̀-èdè Colombia, nǹkan bí ọmọ 25 nínú 100. Nínú àwọn ọmọ ọdún 6 sí 7, Jodhpur ní ilẹ̀ Íńdíà ló kéré jù, kò pé ọmọ kan nínú 100 níbẹ̀ náà. Quito ní Ecuador ló pọ̀ jù, ó lé ní ọmọ 22 nínú 100. Ẹ kíyè sí i: àwọn ìlú méjì tó gbawájú yìí, ìkankan nínú wọn kì í ṣe ìlú òyìnbó Yúróòpù.

Ìròyìn àgbáyé tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà awọ ara gbé jáde ní 2022 fojú bu àwọn tó ní àìsàn yìí sí nǹkan bí mílíọ̀nù 223 káàkiri ayé, tí nǹkan bí mílíọ̀nù 43 nínú wọn jẹ́ ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin. Nínú gbogbo àìsàn awọ ara tí wọ́n ń ṣírò ìnira wọn láyé, òun ló wà nípò kìíní.

Ní Nàìjíríà níbí, Dókítà Nnoruka ní ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Enugu tẹ ìwádìí kan jáde ní 2004. Nínú gbogbo àwọn tó wá rí dókítà nítorí awọ ara níbẹ̀, nǹkan bí 8 sí 9 nínú 100 ló jẹ́ ẹ́síìmà yìí. Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni pé púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀yìn tí wọ́n ti kọjá ọmọ ọdún mẹ́wàá ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. Nílẹ̀ òyìnbó, ìgbà èwe ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ lára èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, tí àgbàlagbà bá ní "ara mi ò yún mi rí kí n tó dé Kano," ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an.

Ẹni tó kúrò nílé, awọ rẹ̀ náà ti kúrò nílé

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a wà lẹ́yìn odi jù.

Ní 1995, Hywel Williams àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní ilé ìwé mẹ́ta ní London. Dókítà awọ ara ló yẹ àwọn ọmọ náà wò, wọ́n tó 693. Nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun, nǹkan bí 9 nínú 100 ló ní ẹ́síìmà. Nínú àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tí ẹbí wọn ti erékùṣù Caribbean wá, ó lé ní 16 nínú 100. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì.

Ẹnìkan lè ní, "Ó dáa, ẹ̀jẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń fà á nìyẹn." Àwọn oníwàádìí náà ronú kan èyí. Wọ́n bá tún lọ wo àwọn ọmọ Jamaica tó ń gbé ní Kingston, nílé lọ́hùn-ún. Nǹkan bí ọmọ 6 nínú 100 ni wọ́n rí. Ìran kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà. Èyí tó wà nílé ò ní tó èyí tó wà lájò.

Kì í ṣe ti London nìkan. Àwọn ará erékùṣù Tokelau nínú òkun Pàsífíìkì, púpọ̀ nínú wọn kó lọ sí New Zealand lẹ́yìn tí ìjì líle kan jà níbẹ̀ ní 1966. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ tó wà lájò wé àwọn tó kù sílé, nínú ìwádìí tó jáde ní 1980, àwọn tó wà lájò ló ní ásímà àti ẹ́síìmà jù.

Kí ló fà á? Oríṣiríṣi nǹkan ló pawọ́ pọ̀: afẹ́fẹ́ tó yàtọ̀, ilé tó yàtọ̀, oúnjẹ, ọṣẹ, omi, èéfín mọ́tò. Ṣùgbọ́n gbígbẹ afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ dájúdájú. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí kan tó jáde ní 2013 fi hàn pé àwọn ọmọ tó ń gbé níbi tí afẹ́fẹ́ ti tutù fún ọ̀rinrin kì í ní ẹ́síìmà tó àwọn tó ń gbé níbi gbígbẹ.

Ẹ wá wo tiwa. Ẹni tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Oǹdó, ó mọ òjò ọ̀pọ̀ oṣù, ó mọ òógùn ọ̀sán. Kano yàtọ̀ pátápátá. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí márùn-ún ni òjò ń rọ̀ níbí. Ìyókù, ilẹ̀ gbẹ, afẹ́fẹ́ gbẹ, tó bá sì di oṣù Kejìlá àti Ṣẹẹrẹ, aṣọ tí a sá á ti gbẹ kí a tó yíjú padà. Ohun tó ń gba omi ara aṣọ ló ń gba omi ara ọmọ wa. Ọmọ tí ì bá họra díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè di ọmọ tí kì í sùn ní Kano.

Báwo ló ṣe ń le tó?

Kí a má dẹ́rù bà yín: lára ọ̀pọ̀ ọmọ, kì í le. Ní Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí kan tó jáde ní 1998 wo àwọn ọmọ ọdún kan sí márùn-ún. Nínú 100 tó ní ẹ́síìmà, nǹkan bí 84 ni tiwọn jẹ́ wẹ́wẹ́, 14 ni tiwọn wà láàárín, 2 péré ni tiwọn le gan-an. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì máa ń bọ́ nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà.

Àmọ́ ọ̀ràn kan wà níbẹ̀ o. Báwo ni àwọn dókítà ṣe ń mọ̀ pé ó le? Ọ̀kan lára ohun tí ìwé kọ́ wọn pé kí wọ́n wò ni bí ara ṣe pọ́n tó. Lára òyìnbó, ara tó ń wú á pọ́n bí ata. Lára tiwa ńkọ́? Kì í sábà pọ́n lójú. Á dúdú kún dúdú, tàbí kó rí bí eérú, tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò. Nígbà míì, ṣe ló máa yọ kókó wẹ́wẹ́ bí ìgbà tí adìyẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tu ìyẹ́. Ẹni tó ń wá pípọ́n ò ní í rí i, á ní "kò le jù."

Ní 2002, àwọn dókítà méjì, Ben-Gashir àti Hay, tẹ ìwádìí kan jáde ní London lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe sí ìṣirò náà kí pípọ́n má baà tan wọ́n jẹ, wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe kí ẹ́síìmà ọmọ aláwọ̀ dúdú le, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́fà ti ọmọ aláwọ̀ funfun. Ìlọ́po mẹ́fà! Ojú lásán ni kò rí i.

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ kí gbogbo òbí mú lọ sílé nìyí: lára ọmọ wa, ẹ má fi ojú nìkan wọ̀n ọ́n, ẹ fi ọwọ́ àti oorun wọ̀n ọ́n. Ẹ fi ọwọ́ pa ibẹ̀: ṣé ó gbóná ju ibòmíì lọ, ṣé ó yi, ṣé ó le? Ẹ ka òru tí ọmọ ò sùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wo bóyá ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ ìbora rẹ̀, bóyá kò lè jókòó jẹ́ẹ́ ní kíláàsì. Ọmọ tí kò sùn lóru mẹ́rin lọ́sẹ̀, tirẹ̀ ti le, bó ti wù kí ara rẹ̀ dúdú tó. Ohun tó yẹ kí ẹ sọ fún dókítà nìyẹn, kí ẹ má kàn ní "ara ń yún un."

Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú awọ?

Ẹ ti rí ògiri amọ̀ àwọn ilé àtijọ́ nínú ìlú Kano. Bí òjò bá fẹ́ẹ́ dé, wọ́n á tún un rẹ́, ọdọọdún. Ògiri tí wọn ò bá rẹ́, omi á wọ̀ ọ́, á máa ya. Awọ ẹni tó ní ẹ́síìmà rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó dí ihò rẹ̀ ò tó. Omi inú á máa jáde, eruku, òórùn àti kòkòrò ìta á máa wọlé. Ara á wá bínú, á máa wú, á máa yún. Bí ọmọ bá sì họ ọ́, ihò á tún pọ̀ sí i.

Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Dundee ní Scotland rí i pé àbùkù kan nínú ohun tí wọ́n ń pè ní filaggrin wà lára ohun tó ń fa èyí lára ọ̀pọ̀ àwọn ará Yúróòpù. Lára aláwọ̀ dúdú, àbùkù yẹn ò wọ́pọ̀, síbẹ̀ awọ tiwa náà ń ya. Ọ̀nà tó gbà wọlé ló yàtọ̀. Ó ń tẹ̀lé ìdílé lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe èpè, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe pé ìyá ò mọ ọmọ fọ̀.

Ẹ̀bi àwa ọlọ́jà

Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fúnra wa. Ìpara inú túùbù tí a tà fún ìyá yìí, oògùn mẹ́ta ni wọ́n pò pọ̀ sínú rẹ̀: ti kòkòrò, ti làpálàpá, àti sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára. Ọjọ́ kejì tí èèyàn bá fi pa á, yíyún á dáwọ́ dúró. Ìdí tó fi ń tà nìyẹn. Àmọ́ bí èèyàn bá fi sílẹ̀, á padà wá. Wọ́n á tún rà á. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, awọ á fẹ́lẹ́, á máa ya ìlà, ibẹ̀ á bó funfun. Lára ọmọ kékeré, ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó dí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá sì jẹ́ làpálàpá ni tẹ́lẹ̀, ṣe ló máa bò ó mọ́lẹ̀ títí á fi gba gbogbo ara.

Àwọn ìpara àpòpọ̀ tí wọ́n ń rò nínú ike lọ́jà, tí wọ́n ní ó ń mú ara "tàn," púpọ̀ nínú wọn ní irú oògùn kan náà nínú. Wọ́n ń fi í pa ọmọ jòjòló.

Kí ẹ má baà ṣì wá gbọ́: sítẹ́rọ́ìdì fúnra rẹ̀ kì í ṣe májèlé. Òun ni àwọn dókítà fi ń tọ́jú ẹ́síìmà tó bá ru. Ṣùgbọ́n dókítà á mọ agbára èyí tó yẹ ojú, èyí tó yẹ ẹsẹ̀, èyí tó yẹ ọmọ ọdún kan, àti ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n dáwọ́ dúró. Àwa tí a jókòó sídìí ìsọ̀, a ò mọ̀ ọ́n. Látọjọ́ yẹn, a ò ta túùbù náà fún ẹni tó fẹ́ fi pa ọmọdé mọ́. Àwọn kan nínú ọjà ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Kò burú.

Kí la lè ṣe nílé?

Ìpara ni oúnjẹ awọ. Ẹ pa ọmọ lára lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ó kéré tán, bó yún un o, bí kò yún un o. Kò di dandan kó wọ́n: fasilíìnì tí kò lóòórùn dára, òrí tí kò lábùlà náà wúlò fún ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn Hausa ń pè é ní man kaɗanya, ó sì wà lọ́jà wa. Àmọ́ ẹ má ṣahun rẹ̀. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọmọ tó ní ẹ́síìmà lè nílò gíráàmù 250 sí 500 lọ́sẹ̀ kan. Ike kékeré tí ẹ fi ń lo oṣù mẹ́ta ò lè tó.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni kí ẹ wẹ ọmọ. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná, kó má sì pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ ju kànrìnkànrìn nù. Ọṣẹ tó ń hó púpọ̀, ọṣẹ olóòórùn, ọṣẹ dúdú, oògùn apakòkòrò tí ẹ ń dà sínú omi ìwẹ̀, gbogbo wọn ló ń gba òróró ara. Ẹ fi aṣọ ìnura tẹ omi náà, ẹ má fi nù ún gírígírí. Kí ara tó gbẹ tán ni kí ẹ ti fi ìpara pa á, kó lè sé omi mọ́nú. Rọ́ọ̀bù àti àwọn ìpara tó ń ta ara, ẹ gbé e jìnnà sí i.

Ẹ gé èékánná ọmọ. Ẹ wọ aṣọ òwú fún un lábẹ́ súwẹ́tà, nítorí irun àgùntàn máa ń ta á lára. Ẹ gbá ilé pẹ̀lú aṣọ tútù, kí eruku má baà fò.

Ẹ má gba ẹyin, ẹja tàbí ẹ̀wà lẹ́nu ọmọ nítorí pé ẹnìkan ní oúnjẹ ló fà á. Lára ọ̀pọ̀ ọmọ, oúnjẹ kọ́. Ọmọ tí a gba oúnjẹ aṣaralóore lẹ́nu rẹ̀ á wá fi àìjẹun-kánú kún ara yíyún. Àfi tí dókítà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí omi òféefèé bá ń sun níbẹ̀, tó ń gbẹ bí oyin, tàbí tí ọgbẹ́ wẹ́wẹ́ tó ń dun ọmọ bá yọ lójijì, tí ara sì ń gbóná, ẹ má dúró di ọ̀la. Ọsibítù ni ọjọ́ yẹn gan-an. Kòkòrò ti wọ inú rẹ̀.

Àwọn tó wà ní Nassarawa ò jìnnà sí ọsibítù Muhammad Abdullahi Wase tí gbogbo wa ń pè ní ọsibítù Nassarawa. Ọsibítù àwọn ọmọdé ti Hasiya Bayero wà nínú ìlú. Aminu Kano Teaching Hospital ni ọsibítù ńlá tí wọ́n lè darí yín sí bí ọ̀rọ̀ bá ju ti ìtòsí lọ. Oògùn abẹ́rẹ́ tuntun kan wà, dupilumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2017 fún èyí tó le gan-an, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe ti irú wa. Ìpara, omi wọ́ọ́rọ́ àti sítẹ́rọ́ìdì tí dókítà wọ̀n fúnni ṣì ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ là.

Ọmọ náà ńkọ́?

A ní, "Ìyàwó wa, ẹ má bínú. Àwa la ta ohun tí kò yẹ fún yín. Ẹ jẹ́ kó rí dókítà." Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó ní kò sówó tí wọ́n máa fi tọ́jú ìdọ̀tí. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ìlú wọn ló bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ. Dókítà ní ẹ́síìmà ni, ó fún wọn ní ìpara tí wọ́n máa lò fún ìwọ̀nba ọjọ́, ó sì kọ̀wé sí ilé ìwé pé kì í ranni. Ọmọ náà ti padà sí kíláàsì. Kò tíì tán pátápátá, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ṣì dúdú. Àmọ́ ìyá rẹ̀ sọ fún wa lọ́jọ́ Sátidé pé òun sùn mọ́jú.

Ohun tí a ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ ìlú wa ni pé, tí ẹ bá ṣe ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ọ̀sì wà nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa, ẹ ní kó bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin bàbá náà, ẹ gbọ́ o: kí ẹ tó sọ pé ìyàwó yín ò fọ ọmọ, ẹ fi ọwọ́ yín pa ẹ̀yìn orúnkún ọmọ náà ná.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ wa. A ó jèrè wọn lájò, a ó sì kó èrè délé láyọ̀.